Babe Ruth ní Ọjọ́ Alẹ́ Eré Rẹ̀

Bí a bá dárúkọ Babe Ruth fún àwọn ará Amẹ́ríkà, ọdún 1927 ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn wọn, ọdún tí ọkùnrin náà gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri pápá nígbà 60 nínú sáà eré kan ṣoṣo. Ọdún náà lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí kò nílò ìrànlọ́wọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ rò fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àná àti ẹ̀yin òbí nínú ìwé àjọ̀dún yìí ni ti ọdún mẹ́fà tí ó gbẹ̀yìn eré rẹ̀, láti 1930 títí di ọdún 1935. Nígbà náà, ikùn ti yọ, orúnkún ti ń dùn ún, àwọn ọ̀dọ́ tí ó fi ọdún mẹ́jọ àti ọdún méjìlá jù lọ sì ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú agbára tuntun. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí wọ́n tó lè gba iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn àgbà kì í yé ni bí a kò bá mọ ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni wọ́n ti tọ́ ọkùnrin yìí; nítorí náà, ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1895 ni a bí George Herman Ruth ní ìlú Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ọtí ni bàbá rẹ̀ ń tà. Nínú ọmọ mẹ́jọ tí ìyá rẹ̀ bí, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ń jẹ́ Mamie nìkan ni ó yè. Iṣẹ́ ilé ọtí kò fún àwọn òbí náà láyè àtitọ́ ọmọ. Ìgboro ni ọmọkùnrin náà ń gbé láti òwúrọ̀ di alẹ́, kì í fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, apá kò sì ká a mọ́. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méje, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 1902, wọ́n fà á lé àwọn Arákùnrin Xavier lọ́wọ́, àwọn ọkùnrin Ìjọ Àgùdà tí wọ́n ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti má ṣe gbéyàwó, kí wọ́n lè fi ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. St. Mary's Industrial School ni orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Baltimore, ibi tí a ń kó àwọn ọmọ aláìlóbìí àti àwọn olórí kunkun lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń kọ́ wọn pẹ̀lú ìwé, aṣọ rírán ni Ruth sì kọ́: ó mọ bí a ṣe ń rán ṣẹ́ẹ̀tì láti ọrùn dé etí ìsàlẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n dá a padà sílé, kò sì pẹ́ tí yóò tún fi padà sí ọ̀dọ̀ àwọn Arákùnrin. Kò tíì kúrò lábẹ́ àbójútó wọn nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1912.

Ẹni tí ó di bàbá fún un níbẹ̀ ni Arákùnrin Matthias, ọmọ Cape Breton ní Kánádà, ọkùnrin gíga, sìgbọnlẹ̀, tí kì í pariwo kí ọmọ tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Lọ́jọ́ ìsinmi, yóò mú igi lọ́wọ́ kan, yóò sọ bọ́ọ̀lù sókè, yóò sì gbá a lọ sí òkèèrè réré, àwọn ọmọ a sì máa sá tẹ̀lé e. Ruth a dúró, a máa wò ó. Bí ó ti ń rìn pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kéékèèké àti bí ó ti ń ju igi láti ìsàlẹ̀ wá sí òkè, ọ̀dọ̀ Arákùnrin náà ni ó ti rí i kọ́, kò sì yé jẹ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú. Ó tún máa ń ròyìn pé lọ́jọ́ kan òun ń fi ọmọ kan tí kò mọ bọ́ọ̀lù jù ṣe yẹ̀yẹ́, ni Arákùnrin Matthias bá ní kí òun bọ́ síbẹ̀ kí òun wá jù ú. Bí ó ṣe di ajubọ́ọ̀lù nìyẹn.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n ṣàlàyé eré náà díẹ̀ fún ẹni tí kò rí i rí. Béèsìbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é. Ajubọ́ọ̀lù dúró ní nǹkan bí mítà 18 sí ẹni tí ó mú igi dání, ó sì ń ju bọ́ọ̀lù kékeré líle sí i pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Kí ojú tó ṣẹ́, bọ́ọ̀lù ti dé. Ẹni tí ó mú igi gbọ́dọ̀ pinnu bóyá kí ó gbá a tàbí kí ó jẹ́ kí ó kọjá. Bí ó bá gbá a tí ó fò kọjá ògiri tí ó wà ní iwájú, kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró mọ́. Yóò rọra sá yí pápá ká, yóò sì padà délé. Home run ni wọ́n ń pe èyí. Ní ọdún 1918, ẹni tí ó gbá a jù lọ nínú American League kò ní ju 11 lọ ní odindi sáà. Ruth wà lára àwọn méjì tí ó ní iye náà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ bọ́ọ̀lù jíjù ni wọ́n torí rẹ̀ gbà á.

Mo ń sáré kọjá àwọn ọdún ọ̀dọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1914 ni Jack Dunn, ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Baltimore, mú un kúrò ní St. Mary's, àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ sì sọ ọ́ ní Babe, ìyẹn ọmọ ọwọ́ Dunn. Kí ọdún náà tó parí, ó ti wà ní Boston, níbi tí ó ti di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ajubọ́ọ̀lù: ní 1916, ó jáwé olúborí nígbà 23. Ní 1919, ó gbá home run 29, Boston sì tà á fún àwọn Yankees ti New York ní ìparí ọdún náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó gbá 54, lẹ́yìn náà 59. Eré náà yí padà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Kò gbàgbé ibi tí ó ti wá. Iná jó ilé ẹ̀kọ́ náà ní 1919. Nígbà tí sáà 1920 ń lọ sí òpin, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ onífèrè St. Mary's bá àwọn Yankees rìnrìn àjò láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń fọn fèrè ní pápá kí àwọn òǹwòran lè dáwó láti tún ilé náà kọ́. Ó sì ra ọkọ̀ Cadillac fún Arákùnrin Matthias, ẹ̀bùn tí ó pọ̀ ju ohun tí ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ òṣì lè fi ṣe nǹkan!

Ẹni mímọ́ kọ́ ni. Èmi kò ní í fi èyí pamọ́ nítorí pé ìwé ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni ni mo ń kọ ọ́ sí. Ó ń jẹ àjẹjù, ó ń mu ọtí, kì í tètè sùn, kò sì ṣe olóòótọ́ sí Helen, ìyàwó tí ó fẹ́ ní 1914. Ní 1925, ara dá a gúnlẹ̀. Ó wọ ilé ìwòsàn, iṣẹ́ abẹ dé, ó ṣàìgbọràn sí olùdarí rẹ̀, wọ́n bu owó ìtanràn lé e lórí, home run 25 péré ni ó sì gbá. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Nígbà náà ni àwọn kan ti kọ́kọ́ kéde pé ó ti tán. Home run tí ó ní títí di ìgbà náà jẹ́ 309. Ẹ jẹ́ kí á rántí iye náà, nítorí 714 ni ó ní kí ó tó fẹ̀yìn tì. 405 ni ó gbá lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ pé ó ti tán.

Ohun méjì ni mo rò pé ó mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìtìjú ọdún 1925, ó fi ara rẹ̀ sábẹ́ Artie McGovern, ẹni tí ó ní ilé eré ìdárayá ní New York, ó sì ń lọ síbẹ̀ láàárín sáà kan sí èkejì láti dín sísanra rẹ̀ kù. Èkejì ni Claire Hodgson. Helen, tí òun àti Ruth ti pínyà, kú nínú iná ilé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1929. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà ni Ruth gbé Claire níyàwó. Obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀, oorun rẹ̀ àti owó rẹ̀, ó sì máa ń bá a rìnrìn àjò ẹgbẹ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ obìnrin náà hàn nínú iye tí ọkọ rẹ̀ ń gbá.

Nígbà tí sáà 1930 bẹ̀rẹ̀, ó ti pé ọmọ ọdún 35. Owó ọdún rẹ̀ jẹ́ dọ́là 80,000, iye tí kò sí agbábọ́ọ̀lù mìíràn tí ó súnmọ́ ọn. Ó gbá 49. Hack Wilson ti Chicago, nínú líìgì kejì, gbá 56 ní ọdún náà, gbogbo ayé sì rò pé ọba tuntun ti jẹ. Ọtí mú Wilson mọ́lẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 13 péré ni ó gbá, Ruth sì gbá 46.

Ẹni tí ó yẹ kí a fi wé Ruth jù lọ ni Lou Gehrig, nítorí ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n jọ wà, pápá kan náà, àwọn ajubọ́ọ̀lù kan náà ni wọ́n sì ń dojú kọ. Ọdún 1903 ni a bí Gehrig. Kì í mutí, kì í pa ọjọ́ eré kan jẹ, ara rẹ̀ le bí òkúta. Láti ìgbà tí Gehrig ti fìdí múlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ní 1925, kò sí ọdún tí ó gbá ju Ruth lọ títí di 1934. Ní 1931, wọ́n ṣe ọgba, 46 sí 46. Ní 1932, tí Ruth jẹ́ ọmọ ọdún 37, ó gbá 41, Gehrig 34. Ní 1933, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 38, ó gbá 34, Gehrig 32. Mo ti wo àwọn iye yìí lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì tún ń yà mí lẹ́nu, nítorí ní àwọn ọdún náà, wọ́n máa ń yọ Ruth kúrò nínú eré kí ó tó parí, wọ́n a fi ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Sammy Byrd rọ́pò rẹ̀. Àwọn ènìyàn sọ Byrd ní ẹsẹ̀ Babe Ruth.

Jimmie Foxx ti Philadelphia ni ó kọ́kọ́ já a sílẹ̀ gedegbe. Ọmọ ọdún 24 ni, ó sì gbá 58 ní 1932. A kò lè jiyàn pé ní ọdún náà Foxx kò ju Ruth lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Foxx fúnra rẹ̀ pé ọmọ ọdún 35, home run méje péré ni ó kù nínú apá rẹ̀. Rogers Hornsby, tí ó fi ọdún kan kéré sí Ruth, gbá 39 ní 1929. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ ní ọdún kejì, kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Gehrig kò rí ọjọ́ ogbó rárá: àìsàn tí ń sọ iṣan di aláìlágbára mú un ní ọmọ ọdún 35, ó sì kú ní 1941. Láti jẹ́ olóòótọ́, àgbà kan wà ṣáájú Ruth, Cy Williams ti Philadelphia, tí ó gbá 30 ní ọmọ ọdún 39, ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni ìyẹn. Láti ìgbà tí Ruth ti pé ọmọ ọdún 35, 198 ni ó gbá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń gba bọ́ọ̀lù kò ní iye náà ní gbogbo ayé wọn.

Kí ni ó kù fún un nígbà tí ẹsẹ̀ ti lọ? Ojú ni. Kì í tètè ju igi. Bí bọ́ọ̀lù kò bá wá síbi tí ó fẹ́, yóò jẹ́ kí ó kọjá, àwọn ajubọ́ọ̀lù tí ẹ̀rù ń bà a sì ń ju èyí tí kò ṣeé gbá. Ní 1933, ìgbà 114 ni wọ́n tipa bẹ́ẹ̀ fún un ní ààyè kìn-ín-ní lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí ẹlòmíràn nínú American League tí ó tó o. Ní ọdún yìí kan náà, ní Chicago, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn àṣàyàn líìgì méjèèjì pàdé ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, òun ni ó gbá home run àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ ìkẹyìn sáà náà, kí àwọn ènìyàn lè wá wòran, ó tún padà sí iṣẹ́ tí Arákùnrin Matthias kọ́kọ́ fi í sí: ó ju bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì borí Boston, 6 sí 5. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé gbé sókè fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1934, ní Detroit, ó gbá ẹ̀ẹ̀keje ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Nígbà náà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú eré ńlá náà tí ó tíì ní ìdajì iye yẹn. Ṣùgbọ́n ọdún náà ni òjò tó dé ilé: 22 ni ó gbá, Gehrig 49.

Ìdí tí kò fi fẹ̀yìn tì ni ó dùn mí jù nínú ìtàn yìí. Kì í ṣe home run ni ó ń wá mọ́. Ó fẹ́ di olùdarí ẹgbẹ́. Jacob Ruppert, tí ó ni àwọn Yankees, kò fẹ́ yọ Joe McCarthy fún un. Wọ́n ní kí ó lọ máa darí ẹgbẹ́ kékeré tí ó wà ní Newark, ó kọ̀, ó rò pé ẹni tí ó ti kún pápá ńlá fún wọn kò yẹ ní irú ibẹ̀. Mo rò pé ó ṣi ìyẹn rò. Àwọn aláṣẹ sì ń bi ara wọn léèrè bí ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu yóò ṣe kó ọkùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n níjàánu. Ìbéèrè náà kò burú fún Ruth ti 1925. Èyí tí ó wà níwájú wọn ní 1934 ti yàtọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ kò kúrò lára rẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 1935, àwọn Yankees yọ̀ǹda rẹ̀. Emil Fuchs, tí ó ni ẹgbẹ́ Braves ti Boston, gbà á, ó sì fi oyè méjì dá a lọ́lá: igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ àti olùrànlọ́wọ́ olùdarí. Ruth gbà pé ọ̀nà ti là. Kò pẹ́ tí ó fi yé e pé gbèsè ni ó ń lé Fuchs, pé nítorí kí òǹwòran lè pọ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, àti pé oyè náà kò ní iṣẹ́ nínú. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ sáà, ó gbá home run lọ́wọ́ Carl Hubbell, ọ̀kan nínú àwọn ajubọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ara kọ̀. Kò lè sáré lé bọ́ọ̀lù mọ́, igi rẹ̀ sì ń gbá afẹ́fẹ́.

Báyìí ni ó ṣe dé Pittsburgh, ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1935, ní ọmọ ogójì ọdún. Ó gbá home run kan. Ó gbá èkejì. Nígbà tí ó tún jáde, Guy Bush ni ó ń ju bọ́ọ̀lù, ẹni tí ó wà lára àwọn ará Chicago tí ẹgbẹ́ Ruth ṣẹ́gun nínú ìdíje àṣekágbá ọdún 1932. Bọ́ọ̀lù tí Ruth gbá lọ́wọ́ rẹ̀ fò kọjá òrùlé ìjókòó alájà méjì tí ó wà lápá ọ̀tún, ó sì bọ́ sí ìta pápá. Kò sí ẹni tí ó ṣe irú rẹ̀ rí níbẹ̀. Ìyẹn ni 714. Ruth rọra yí pápá ká pẹ̀lú orúnkún tí ń dùn ún. Ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù ní ọjọ́ náà, 11 sí 7.

Claire bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi í mọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti ṣèlérí fún Fuchs pé òun yóò dé àwọn ìlú tí ó kù nínú ìrìn àjò náà, nítorí wọ́n ti ta tíkẹ́ẹ̀tì lórí orúkọ òun. Ó lọ, kò sì gbá home run kankan mọ́. Ó jáde fún ìgbà ìkẹyìn ní Philadelphia ní ọjọ́ 30 oṣù náà; ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, ó kúrò nínú ẹgbẹ́.

Kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó pè é láti wá ṣe olùdarí. Ní 1938, Brooklyn gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá fún sáà kan, òun náà nítorí òǹwòran. Arákùnrin Matthias kú ní 1944. Nígbà tí ó ṣe, àrùn jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Ruth lẹ́yìn ihò imú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 1948, àwọn Yankees pè é wá sí pápá wọn láti ṣe àjọ̀dún ọdún 25 rẹ̀. Ó wọ aṣọ eré rẹ̀ tí ó ti fẹ̀ jù ú lọ, ó sì fi igi gbára lé ilẹ̀. Bí ẹ bá rántí ọjọ́ tí wọ́n fà á lé àwọn Arákùnrin Xavier lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ọdún 46 géérégé ni. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ, ní ọmọ ọdún 53. Wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹnu ọ̀nà pápá náà kí àwọn ènìyàn lè wò ó, wọ́n sì ṣe ìsìn ìsìnkú rẹ̀ ní kàtídírà St. Patrick ní New York.

Iye rẹ̀ dúró títí di ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1974, nígbà tí Hank Aaron, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Mobile ní Alabama, gbá ẹ̀ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún lé ní 700 ní Atlanta, lẹ́yìn tí ó ti fara da ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà èébú àti ti ìkà. Láti ọmọ ọdún 35, Aaron gbá 245, àgbà kan ṣoṣo tí ó ju Ruth lọ ní ìgbà náà. Ọmọ ogójì ọdún ni òun náà ní ọjọ́ yẹn, bí Ruth ti jẹ́ ní Pittsburgh.